Lẹ́tà ṣíṣí sí Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè àti Àṣà Yorùbá: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún pírófáìlì ní orúkọ kan ṣoṣo

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa nínú Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè àti Àṣà Yorùbá,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, ẹ kú ìtọ́jú èdè wa, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín. Ṣómólú ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo ti ń tẹ ìwé, tí mo ti ń ṣe fótókópì, tí mo tún ti ń ya pásípọ́ọ̀tù fáwọn èèyàn, ọdún kẹtàlá rèé. Mi ò kọ́ Yorùbá dé yunifásítì, àmọ́ èdè yẹn náà ni mo fi ń jẹun, torí pé ó ṣòro kéèyàn wọ ṣọ́ọ̀bù mi kí n má fi Yorùbá ṣàlàyé nǹkan Òyìnbó kan fún un kó tó jáde.

Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá sọ́dọ̀ yín. Profile. Àwa níbí ti sọ ọ́ di pírófáìlì, àwọn àgbà míì á ní pòròfáì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i táwọn èèyàn ń bèèrè pé kí ni Yorùbá ẹ̀, oníkálukú á mú ọ̀rọ̀ kan jáde, wọ́n á wá máa bára wọn jiyàn, ẹnì kan á ní àkọsílẹ̀ ni, ẹnì kan á ní ìtàn ìgbésí ayé ni, òmíì á ní oríkì ni. Ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé ẹ má mú ìkankan nínú wọn kẹ́ ẹ ní òun nìkan ló jẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí ná.

Oṣù tó kọjá, aago mẹ́jọ àárọ̀ ti lé díẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀ ni, màmá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ nítòsí wa wọlé, ọmọ-ọmọ wọn tí ò lè ju ọmọ ọdún méjìlá lọ ló mú wọn wá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o, wọ́n ní kí n wá ṣe pírófáìlì." Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, èwo ni pírófáìlì yẹn mà, ṣé ti báǹkì ni àbí ti Facebook?" Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ o, pé dókítà ló sọ fáwọn, pé káwọn ṣe é káwọn sì mú un padà wá. Ọmọ-ọmọ wọn bá dá sí i, ó ní fọ́tò ni, ó ní àbúrò ìyá òun ní pírófáìlì lórí fóònù, fọ́tò ló wà níbẹ̀. Ó jọ òótọ́ létí mi, torí àwọn ibi kan máa ń bèèrè pásípọ́ọ̀tù láti fi sára káàdì ọsibítù. Mo ní kí Màmá jókòó, mo ta aṣọ funfun sẹ́yìn wọn, wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n fi ọwọ́ nu ojú, mo yà wọ́n, mo tẹ mẹ́rin jáde.

Ìgbà tí wọ́n tú etí ìró wọn kí wọ́n fún mi lówó ni bébà kan bá owó jáde, bébà tí wọ́n ká sí mẹ́rin tí òógùn ti mú rọ̀. Mo gbà á, mo tú u. Fasting lipid profile ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ dókítà tó rí wúruwùru yẹn. Àyà mi já. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?" Wọ́n ní rárá, wọ́n ní káwọn má jẹun láti alẹ́, pé ọjọ́ kẹta rèé táwọn ti ń gbààwẹ̀ ẹ̀ káwọn tó jáde láàárọ̀, ibi táwọn kọ́kọ́ lọ ò ṣí, ibi kejì ò níná. Mo ní kí ni wọ́n rò pé wọ́n fi ní kí wọ́n má jẹun. Màmá ní àwọn rò pé kójú àwọn má baà wú nínú fọ́tò ni.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù. A wọ kẹ̀kẹ́, mo mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Mi ò dá dókítà lẹ́bi, èrò máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wọn bí ẹni wá gba oúnjẹ sàárà, mi ò sì dá ọmọ náà lẹ́bi, torí òótọ́ ló sọ, pírófáìlì tó mọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo ń bá jà.

Ẹ wò ó, nǹkan tí wọ́n fẹ́ ṣe fún Màmá ò le láti sọ ní Yorùbá rárá. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wo ọ̀rá tó wà nínú ẹ̀: wọ́n á wo gbogbo kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù lápapọ̀, wọ́n á wo èyí tí wọ́n ń pè ní HDL tó ń kó ọ̀rá kúrò lójú iṣan, wọ́n á wo LDL tó ń lẹ̀ mọ́ ojú iṣan tó lè dí i, wọ́n á wo ẹ̀kẹrin tó ń jẹ́ triglycerides. Ẹ̀kẹrin yẹn ló máa ń lọ sókè téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kéèyàn fi wákàtí 9 sí 12 gbààwẹ̀ ẹ̀, omi nìkan lèèyàn lè mu. Àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ó parí. Ká ní bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún Màmá nìyẹn, wọn ò ní lo ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò sì ní tún gèlè ṣe níwájú kámẹ́rà mi pẹ̀lú inú òfìfo.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí kiri. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ítálì ni Òyìnbó ti mú un, profilo ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, inú ẹ̀ ni filo wà, èyí tó túmọ̀ sí òwú, ó sì ti inú èdè Látìn wá, filum, òwú náà ni. Láti nǹkan bí ọdún 1650 ló ti wà lẹ́nu àwọn Òyìnbó. Èèyàn á fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú yí etí nǹkan po kí ìrísí ẹ̀ lè hàn, iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ń ṣe nìyẹn. Gbogbo yòókù, ti fóònù o, ti ọsibítù o, ti JAMB o, ọmọ àti ọmọ-ọmọ òwú yẹn ni.

Ó wá yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ṣì sún mọ́ òwú yẹn jù ní Èkó yìí, àwọn bíríkìlà ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣe bíríkìlà ní Ìkòròdú, mo ti gbé oúnjẹ lọ bá a níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé, ilẹ̀ gbalasa, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju koríko tí wọ́n ṣán. Wọ́n gbá píìgì mọ́lẹ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan, wọ́n kan pákó pẹlẹbẹ dábùú ẹ̀, pákó yẹn ni wọ́n ń pè ní pírófáìlì, wọ́n wá kan ìṣó sórí pákó, wọ́n na okùn láti orí ìṣó kan lọ sí èkejì títí okùn fi yí gbogbo ilẹ̀ yẹn po, yàrá síbí, páálọ̀ sọ́hùn-ún. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé igun gún ni pé wọ́n á wọn fíìtì 3 lápá kan, fíìtì 4 lápá kejì, tí wọ́n bá na tépù láti orí èyí sí orí ìyẹn, tó bá jẹ́ fíìtì 5 gééré, igun ti gún nìyẹn, tó bá lé tàbí tó dín, wọ́n á tú okùn, wọ́n á tún un nà. Mo rántí pé ẹ̀gbọ́n mi dojú délẹ̀, ó di ojú kan, ó ń fi ojú kejì wo gígùn okùn yẹn, kò tiẹ̀ gbọ́ nígbà tí mo kí i. Ilé ò tíì sí, àmọ́ okùn ti fojú ilé hàn. Mi ò sì gbọ́ kẹ́nì kankan pariwo pírófáìlì níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, "ẹ na okùn" ni wọ́n ń wí látàárọ̀. Àwọn yẹn ò nílò ọ̀rọ̀ tuntun lọ́dọ̀ yín, tiwọn ti wà lẹ́nu wọn.

Àwọn tó ń ṣe fèrèsé aluminium ní tiwọn, irin gbọọrọ tí wọ́n ń gé ni wọ́n ń pè ní profile, àwọn tó ń ta páànù náà máa ń bi ẹ pé profile wo lo fẹ́, bí páànù yẹn ṣe ká ni wọ́n ń bèèrè. Ìrísí ni. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀.

Ti ẹ̀gbẹ́ ojú ló wù mí kí n sọ̀rọ̀ lé lórí, torí iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Ìyá ìyá mi fi sílè kan pamọ́ sínú agolo títí wọ́n fi kú, sílè Nàìjíríà ti ọdún 1959, orí Ọbabìnrin Elizabeth wà lára ẹ̀ pẹ̀lú adé, ẹ̀gbẹ́ kan ojú ẹ̀ ló hàn, etí kan, ojú kan. Nígbà tí mo wà ní kékeré mo máa ń yí i padà kí n lè rí ojú kejì. Profile gidi nìyẹn, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lẹ́nu àwọn ayàwòrán. Ní Paris, láàárín ọdún 1880 sí 1890, ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Alphonse Bertillon ló fi lélẹ̀ pé tí wọ́n bá mú ọ̀daràn, kí wọ́n yà á ní iwájú, kí wọ́n sì tún yà á ní ẹ̀gbẹ́, torí ó gbà pé etí èèyàn ò jọra. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń ya àwọn tí wọ́n bá mú bẹ́ẹ̀. Èmi náà, tí mo bá ń ya pásípọ́ọ̀tù, mo máa ń sọ fáwọn obìnrin pé kí wọ́n ká irun kúrò létí. Ẹ̀gbẹ́ ojú, ojú ẹ̀gbẹ́, èyí tẹ́ ẹ bá mú nínú méjèèjì, yóò yé èèyàn.

Àmọ́ ẹ má wá mú ẹ̀gbẹ́ ojú yẹn lọ sórí ti JAMB o. Kí èèyàn tó lè forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àtiwọ yunifásítì yẹn, á fi NIN ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ní díjíìtì 11, ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 lórí fóònù, wọ́n á wá fi nǹkan kan tó jẹ́ lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà, mẹ́wàá lápapọ̀, ránṣẹ́ padà, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní profile code. Nọ́ńbà fóònù kan, ọmọ kan. Bàbá kan tó ń ránṣọ ládùúgbò wa bí ìbejì, wọ́n ní káwọn fi fóònù tiwọn ṣe é fún Táyé, ó wọlé, inú wọn dùn, wọ́n tún fi fóònù kan náà ṣe ti Kẹ́hìndé, kò wọlé, wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, owó ń lọ. Wọ́n wá bá mi, wọ́n ní, "Ṣebí bàbá kan náà ló bí wọn, pírófáìlì kan náà ni wọ́n ní." Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n rò pé pírófáìlì túmọ̀ sí ìdílé, ibi téèyàn ti wá, torí pé lórí rédíò tí wọ́n bá fẹ́ ka profile ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ, ilé tí wọ́n ti bí i ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kà. Mo wá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká pè é ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ JAMB, bí nọ́ńbà ilé ṣe wà lára ilé, ilé méjì ò lè lo ọ̀kan." Ó yé wọn lójú ẹsẹ̀, wọ́n lọ ra sím káàdì fún Kẹ́hìndé.

Ẹ̀yin náà wò ó, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ sí, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, Màmá rò pé fọ́tò ni, Bàbá rò pé ìdílé ni, àwọn méjèèjì gbọ́n ju èmi lọ, ọ̀rọ̀ yẹn ló ń fi wọ́n ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ lórí oríkì, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín fẹ́ràn ẹ̀, òun sì ni mo máa ń gbọ́ jù. Ti orí fóònù ni wọ́n máa ń fẹ́ fi oríkì pè, ojúlé tí èèyàn ti ń kọ orúkọ ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀, ibi tó ń gbé, tó fi fọ́tò ẹ̀ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Oríkì, ẹlòmíì ló ń kì ẹ́. Ìyá ẹ ló ń kì ẹ́ lówùúrọ̀ kí orí ẹ lè wú, ìwọ kọ́ lo jókòó kọ ọ́ nípa ara ẹ. Pírófáìlì fóònù, ìwọ fúnra ẹ lo máa kọ ọ́, wàá tún un kọ lọ́la, wàá pa èyí tí ò wù ẹ́ rẹ́. Èmi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, èmi ni mò ń bá wọn kọ ti ibi tí wọ́n ti ń wáṣẹ́, wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ fi kún un pé mo lè wa mọ́tò." Àwọn ọ̀dọ́ tiẹ̀ ti yanjú apá kan níbẹ̀, DP ni wọ́n ń pe fọ́tò ti WhatsApp, "mo ti pààrọ̀ DP mi", kò sẹ́ni tí ò gbọ́. Èyí tó kù, àlàyé nípa ara ẹni, èmi máa ń sọ pé "ibi tí wọ́n ti máa mọ̀ yín", ó gùn díẹ̀, àmọ́ wọ́n máa ń dáhùn. Tẹ́ ẹ bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀, mo dúpẹ́, kó ṣáà má jẹ́ oríkì. Ti ìwé ìròyìn, níbi tí oníròyìn ti kọ ìtàn èèyàn, ìtàn ìgbésí ayé ni, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa níyẹn nílé ìwé.

High profile ńkọ́? Gbajúmọ̀ ni, igba ojú mọ̀ ọ́n, ta ló tún ń wá nǹkan míì? Ẹ sì rí bí ojú ṣe wà níbẹ̀ náà. Low profile, àwọn ìyá wa ti ń sọ ọ́ tipẹ́, "rọra máa ṣe é", "má jẹ́ kí ayé mọ̀". Ìyá mi ò gbọ́ profile rí, àmọ́ nígbà tí mo ra ilẹ̀, wọ́n fà mí létí, wọ́n ní, "Yọ́ ọ ṣe o."

Ó wá ku ọ̀kan tó máa ń dùn mí, profiling. Ọmọkùnrin kan máa ń wá tẹ ìwé lọ́dọ̀ mi, ó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá, ó dá irun ẹ̀ sí gígùn, ó máa ń gbé láptọ́ọ̀pù sínú báàgì ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan ó dé, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní àwọn kan dá bọ́ọ̀sì dúró, nínú èrò mẹ́rìnlá òun nìkan ni wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀. Kò ṣe nǹkan kan. Irun àti báàgì yẹn ni wọ́n wò. Ẹ̀yin náà rántí ọdún 2020, wọ́n kéde ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá pé àwọn tú SARS ká, ìyẹn ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè, àwọn ọ̀dọ́ ò sì kúrò lójú títì, ọ̀kan lára ohun tó ń bí wọn nínú nìyí, pé tí irun ẹ bá rí báyìí, tí fóònù ẹ bá rí báyìí, ọ̀daràn ni ẹ́ kó o tó la ẹnu. Mo gbọ́ tí wọ́n pè é ní "ìṣàpèjúwe ènìyàn" níbì kan. Rárá o! Ìyẹn rọ̀ jù, bí ẹni ń sọ pé wọ́n yà á ní fọ́tò ni. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún un, ó sì korò bó ṣe yẹ kó korò: wọ́n fojú olè wò ó. Bí ọmọ yẹn náà ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn, "Àǹtí, wọ́n kàn fojú olè wò mí ni." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kó wà nínú ìwé bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe, torí àwọn àgbà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Nígbà tí kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi kọ́ wa ní gírámà Yorùbá pẹ̀lú Yorùbá, àwọn bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì kó àwọn onímọ̀ jọ, wọ́n jókòó, wọ́n ṣe èdè-ìperí, ohun tí wọ́n ṣe yẹn la ṣì ń jẹ lọ́wọ́ dòní. Ohun tí mò ń bẹ̀ fún báyìí ni pé kẹ́ ẹ jókòó síbi tí èrò wà. Ẹ wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì níbi tó ti ń pín bébà, ẹ wá síbi tí wọ́n ti ń na okùn, ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní bẹ́ǹṣì, màá ra omi tútù fún yín. Ẹ gbọ́ bí oníkálukú ṣe ń pe tiẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ẹ ò bá sì lè ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọsibítù, nítorí Ọlọ́run, torí ẹni tí ò lóye ti fóònù, fóònù ẹ̀ lásán ni ò ní ṣiṣẹ́. Lipid profile wà, wọ́n tún ní èyí tí wọ́n fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì, wọ́n ní ti họ́mónù àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kọ profile sí lórí, àwọn ìyá wa ń ká a sí mẹ́rin, wọ́n ń dì í sétí ìró, wọn ò mọ ohun tí wọ́n dì.

Èsì Màmá jáde lọ́jọ́ kejì. Wọ́n gbé e wá fún mi kí n bá wọn kà á kí wọ́n tó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, mo ní èmi kì í ṣe dókítà, mi ò lè sọ ohun tó wí, àmọ́ mo bá wọn fi báírò kọ ọ́ sẹ́yìn bébà yẹn, gàgàrà-gàgàrà, ÀYẸ̀WÒ Ọ̀RÁ INÚ Ẹ̀JẸ̀, kó lè jẹ́ pé tí wọ́n bá tún ní kí wọ́n lọ ṣe é, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n máa bèèrè. Màmá ò lè kà á, àmọ́ ọmọ-ọmọ wọn kà á sókè ketekete. Wọ́n ní kó tún un kà. Fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mi ò gbowó ẹ̀.

Mò ń retí yín.

Èmi ni tiyín,
Àǹtí onífótókópì, Ṣómólú, Èkó.